Ògiri Alápò Ilé Mutmainah

Ní Nzeng-Ayong, àdúgbò kan ní Libreville, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì tó wà ní kọ́nà, ilé kan wà tí àwọn ará àdúgbò máa ń mú àlejò wá wò bí ẹni ń mú wọn lọ wo òkun. Kì í ṣe pé ilé náà ga, kì í sì í ṣe pé ó lẹ́wà. Yàrá méjì àti pálọ̀ ni, páànù orí rẹ̀ sì ti jẹ òjò títí ó ti yó. Ògiri pálọ̀ ni wọ́n ń wá wò. Láti Okala títí dé Batterie IV létí òkun, kò sí ògiri tó mọṣẹ́ bíi tirẹ̀. Ẹni tó bá sì ní òun mọ òmíràn, kó mú wa débẹ̀.

Mutmainah, ìyàwó Nùrúdíìnì, ló ṣe é. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni tọkọtaya, ṣùgbọ́n Libreville ni wọ́n ti bí gbogbo ọmọ wọn. Nùrúdíìnì ń ta bàtà ní ọjà Mont-Bouët. Mutmainah ń lọ aṣọ fún alágbàfọ̀ kan ní Batterie IV, kò sì sí ẹni tó lè bá a fi irin lọ aṣọ dọ́gba. Wọ́n ní eṣinṣin kan bà lé ojú ìlà ṣòkòtò tó lọ̀ rí, ìlà náà gé e lẹ́sẹ̀.

Àwọn ọmọ wọn pọ̀ níwọ̀n. Iye wọn kò sí nínú ìtàn yìí. Ẹni tó bá kà á dé ìdí yóò mọ ìdí tí kò fi sí níbẹ̀. Èyí tí ọ̀rọ̀ kàn jù nínú wọn ni Ayọ̀dé, ọmọbìnrin ọlọ́dún méjìlá, tí yóò ṣe ìdánwò tó ń gbé ọmọ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìyẹn ilé ìwé gírámà, lọ́dún náà.

Kí ògiri tó dé, òwúrọ̀ ilé yẹn kò ṣeé fi lọ ọ̀tá. Mutmainah gbọ́dọ̀ wà lójú títì kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Omi ẹ̀rọ kì í yọ àfi nígbà tó bá wù ú, torí náà inú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń pè ní bídọ̀n ni omi wà, bídọ̀n sì wà káàkiri bí àlejò tí kò mọ ibi tí yóò jókòó sí. Iná náà a máa lọ láìdágbére. Ìbọ̀sẹ̀ a wà lẹ́yìn firíìjì, káyé tí ọmọ fi ń kọ̀wé nílé ìwé a wà nínú ìkòkò ìrẹsì.

"Maman, bàtà mi kan ò sí."

"Wo abẹ́ àga, Uwais."

"Ti Mùs'áb ló wà níbẹ̀."

"Kí ló wá wà lẹ́sẹ̀ Mùs'áb?"

"Tèmi."

Kí wọ́n tó yanjú ọ̀ràn bàtà, ààbọ̀ wákàtí ti lọ. Bó ṣe rí lójoojúmọ́ nìyẹn, títí Madame Jocelyne fi ránṣẹ́ pe Mutmainah lẹ́yìn ọdún tuntun. Madame Jocelyne ló ń mójú tó ìwà àwọn ọmọ nílé ìwé Ayọ̀dé. Jẹ́jẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀, bí ẹni ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn. Ó ṣí ìwé ńlá kan, ó fi ìka tọ ìlà tí orúkọ Ayọ̀dé wà, ó ní ọmọ náà mọ ìwé, àmọ́ kò mọ aago. Bó bá tún pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sí i kí ọdún ẹ̀kọ́ tó parí, àwọn kò ní fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò. Yóò dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Mutmainah kò bá ẹnikẹ́ni jà nígbà tó délé. Ó kó àwọn ògbólógbòó ṣòkòtò jíìnsì Nùrúdíìnì jọ, ó fi àlùmọ́gàjí gé àpò ẹ̀yìn wọn jáde. Ó tú àpò ìrẹsì méjì, ó rán wọn pọ̀ di aṣọ gbọọrọ kan, ó sì rán àwọn àpò jíìnsì náà mọ́ ọn lára. Ó ki igi ìgbálẹ̀ bọ inú ìṣẹ́po rẹ̀ lókè, ó kàn án mọ́ ògiri pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àpò kan, wọ́n tò lọ gbọọrọ bí ọmọ ogun tó ń retí ọ̀gágun. Ó gé ẹ̀gbẹ́ àwọn bídọ̀n tó ti ń jò, ó fi iná rá ẹnu wọn kó má baà gé ọmọ lọ́wọ́, ó dá wọn dùbúlẹ̀ sábẹ́ àwọn àpò náà. Ilé bàtà nìyẹn.

Òfin kan ṣoṣo ló wà. Nírọ̀lẹ́, ọmọ yóò kó ohun tó bá fẹ́ lò lọ́la sínú àpò tirẹ̀: káyé, ìbọ̀sẹ̀, bírò, káàdì ilé ìwé. Láàárọ̀, yóò kó o jáde, yóò sì máa lọ. Àpò tó kún nírọ̀lẹ́ fi hàn pé olúwa rẹ̀ ti wọlé. Èyí tó ṣófo láàárọ̀ fi hàn pé olúwa rẹ̀ ti jáde.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn ọmọ náà ti ń dé ilé ìwé ṣáájú ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Peggy, ọmọ Gabon tó ń gbé ilé kejì, wá wò ó, ó lọ ṣe tirẹ̀. Ará òdìkejì títì náà ṣe tirẹ̀. Oṣù kan kò pé tí àwọn ọkùnrin àdúgbò fi bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ṣòkòtò jíìnsì wọn sábẹ́ ìrọ̀rí, nítorí èyí tó bá sùn lórí okùn, àlùmọ́gàjí ni yóò jí i.

Ní oṣù kẹta, ìyá Nùrúdíìnì dé láti Ìsẹ́yìn láti wá wo àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Opó ni, ọwọ́ rẹ̀ ni ọmọ gbogbo agboolé ti dàgbà. Ní ọjọ́ tó dé, ó wo ògiri náà títí. Ní ọjọ́ kẹta, Peggy mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Chloé, wá wòran. Peggy dúró níwájú ògiri, ó na ìka, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Faransé kà á, "Un, deux, trois," títí dé ìparí, ó yíjú sí Chloé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí iye ọmọ tí obìnrin yìí ń tọ́jú?"

Ìyá kò gbọ́ Faransé, àmọ́ ìka tó ń fò láti àpò dé àpò kò nílò ògbufọ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó pe Mutmainah. "Ìyàwó mi."

Mutmainah kúnlẹ̀. "Ìyá."

"Kí ni obìnrin yẹn ń kà?"

"Àpò ni, Ìyá."

"Àpò ta ni?"

"Ti àwọn ọmọ ni."

"Ẹ̀ẹ́n. Wọ́n bi mí ní Ìsẹ́yìn pé ọmọ mélòó ni mo bí, mo ní Ọlọ́run ló mọ iye wọn. Ìwọ to iye tìrẹ sára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kí ẹni tó wá tọrọ ìṣáná lè bá ọ kà á."

"Kì í ṣe kíkà, Ìyá. Ètò ni mo fi ṣe."

"Ètò tó ń ka ọmọ ni."

Nùrúdíìnì ń jẹun lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Ayé ti yí padà."

"Nùrú, ṣé ìwọ nìkan ni mo bí?"

"Rárá, Ìyá."

"Ẹ̀yin mélòó ni?"

Nùrúdíìnì la ẹnu, ó tún un pa dé. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ògiri, ó sì ki òkèlè bọ ẹnu kí ọ̀rọ̀ má baà rí ibi gbà jáde. Ìyá ní, "Ṣé o rí i? Ìwọ gan-an ò jẹ́ kà wọ́n."

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Mutmainah wà níbi iṣẹ́, Ìyá yọ ògiri alápò náà sílẹ̀. Kò ya á, kò sì jù ú nù. Ó ká a mẹ́rin, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ ibùsùn bí ẹni ń tọ́jú aṣọ ọdún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo nǹkan padà sí bó ṣe wà látijọ́. Ìbọ̀sẹ̀ padà sẹ́yìn firíìjì bíi pé ó ti ń sàárò ibẹ̀. Káyé ìṣirò Ayọ̀dé kò sí, wọ́n wá a títí, abẹ́ bídọ̀n omi ni wọ́n ti rí i, ó ti rin gbindin. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé ìwé mọ́ Ayọ̀dé síta nítorí ìṣẹ́jú mẹ́ta péré tó fi pẹ́. Madame Jocelyne kò pariwo. Ó kọ ìlà kan sórí ìwé, ó ní kó mú un lọ fún ìyá rẹ̀: *Ó ku ẹ̀ẹ̀kan.*

Nírọ̀lẹ́, Mutmainah gbé ìwé náà síwájú Ìyá, ó ṣàlàyé ohun tó wà nínú rẹ̀. Kò gbóhùn sókè. Ọwọ́ tó ti fi irin lọ aṣọ láti òwúrọ̀ kò ní agbára ariwo.

Ìyá béèrè pé, "Tó bá wá pẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́?"

"Kò ní ṣe ìdánwò. Ọdún kan á lọ lófo."

Ìyá yíjú sí Ayọ̀dé. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ bó bá ń sọ ọ́, bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíràn rìn ni. Ó ní, "Ìyá àgbà, èmi fẹ́ lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Èmi ń fẹ́ ẹ gan-an."

Mutmainah ló wá béèrè, bí ẹni ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ onílé, pé, "Ìyá, nígbà tí gbogbo ọmọ agboolé wà lọ́wọ́ yín, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé wọ́n ti wọlé tán nírọ̀lẹ́?"

"Ṣé mo máa wá tò wọ́n síta, kí n máa kà wọ́n ni? Ẹní ni mo ń wò. Mo ti tẹ́ ẹní kalẹ̀ fún oníkálùkù. Èyí tí kò bá sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀, mo mọ ẹni tó ni ín, mo sì mọ ilé tí màá ti lọ fà á létí wá. A kì í ka èyí tó wà. Èyí tí kò sí là ń wá."

Mutmainah ní, "Bí àpò náà ṣe ń ṣe nìyẹn, Ìyá."

Ìyá wo ìwé Madame Jocelyne tí kò lè kà. Ó wo ojú ihò ìṣó méjì tó ṣẹ́ kù lára ògiri. Ó ní, "Gbé e wá. Mú àlùmọ́gàjí náà dání."

Ọjọ́ méjì gbáko ni Ìyá fi jókòó ti iṣẹ́ náà. Ẹni tó ti fi abẹ́rẹ́ tọ́ ọmọ ní Ìsẹ́yìn ni, owú a máa sáré tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ó tú gbogbo àpò kúrò ní ìlà, ó fọ́n wọn ká. Ó gbé ọ̀kan sókè, ó gbé òmíràn sísàlẹ̀, ó dá òmíràn ní ìdábùú. Ó rán àpò tọ́ọ̀ṣì sí àárín wọn, ó rán àpò kọ́kọ́rọ́, ó rán ti ìyàrí, ó rán ti tẹ̀sùbáà. Ó rán tara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ayọ̀dé gan-an, láti ara ṣòkòtò kan náà, ó fi yẹ́lò káàdì rẹ̀ sínú rẹ̀ nínú àpò-ìwé, ìyẹn ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ arìnrìn-àjò. Àwọn àpò kan tún wà tí kò fi nǹkan kan sí.

Mutmainah fi ọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn. "Èyí ńkọ́, Ìyá? Ti ta ni?"

"Kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni."

"Kí ló wá wà fún?"

"Fún ẹni tó bá fẹ́ kà á."

Nígbà tí Peggy tún wá, ó na ìka bíi ti tẹ́lẹ̀, ó kà á dé mọ́kànlá. Ó tún un kà, ó di mẹ́tàlá. Chloé bá a dá sí i, ó ní mẹ́wàá. Wọ́n kúrò níbẹ̀ láìfẹnukò. Ìyá jókòó sórí àga, ó ń yanu bí ẹni tó ń gbádùn afẹ́fẹ́.

Láti ìgbà náà, Ayọ̀dé kò pẹ́ mọ́. Oṣù kẹrin kọjá, oṣù karùn-ún kọjá. Àwọn ọmọ mọ àpò wọn láàárín àpò yòókù bí ewúrẹ́ ṣe ń mọ ilé olúwa rẹ̀. Ìyá ló kù tó ń dá wà nílé pẹ̀lú àbíkẹ́yìn Mutmainah, iṣẹ́ rẹ̀ àràárọ̀ sì ni kó jókòó síwájú ògiri náà pẹ̀lú ife tíì, kó wò ó bóyá gbogbo wọn ti jáde tán. Kò jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ilé ìwé kan ní Okala ni wọ́n ti fẹ́ ṣe é, láago mẹ́jọ. Nírọ̀lẹ́ tó ṣáájú rẹ̀, Mutmainah ti fi ìwé tí wọ́n fi pe Ayọ̀dé sí ìdánwò sínú àpò-ìwé, ó sì tì í bọ àpò ọmọ náà. Láàárọ̀, iná lọ. Tọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ Uwais nílé ìwẹ̀. Ayọ̀dé na ọwọ́ sí ògiri nínú òkùnkùn, ó kan jíìnsì, ó kan àpò-ìwé, ó fà á yọ, ó tọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Mutmainah ti kọjá lọ síbi iṣẹ́, Nùrúdíìnì náà ti lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ dáadáa, Ìyá gbé tíì rẹ̀, ó jókòó, ó wòkè. Àpò Uwais ṣófo, ti Mùs'áb ṣófo, ó dára. Àpò Ayọ̀dé kún. Ti Ìyá alára ló ṣófo.

Gẹ́gẹ́ bí òfin ògiri náà, Ayọ̀dé ṣì wà nílé, Ìyá ló ti jáde.

Ó gbé ife sílẹ̀. Ó fa àpò-ìwé tó wà nínú àpò Ayọ̀dé yọ, ó rí fọ́tò ọmọ náà lára ìwé tó wà nínú rẹ̀, òǹtẹ̀ pupa sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò. Kò nílò kó mọ̀wé kó tó mọ ohun tó jẹ́. Ó pe Nùrúdíìnì lórí fóònù; fóònù dún títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ariwo Mont-Bouët kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ tirẹ̀. Fóònù Mutmainah, wọ́n a máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá ti wọ ibi iṣẹ́. Ilé Peggy tì pa. Ìyá pọn àbíkẹ́yìn, ó wé gèlè, ó kọrí sí títì.

Kò tíì dá wọ takisí rí ní ìlú náà, àmọ́ ó ti bá Mutmainah dúró dè é, ó sì ti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ènìyàn a bẹ̀rẹ̀ síbi fèrèsé, a sọ ibi tó ń lọ àti iye tó fẹ́ san. Bó bá tẹ́ awakọ̀ lọ́rùn, a fun fèrè. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, a wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ láìwí nǹkan. Ìyá na ìwé náà wọ fèrèsé ọkọ̀ àkọ́kọ́ pẹ̀lú ẹyọ owó kan. Ó lọ. Èkejì lọ. Awakọ̀ kẹta gba ìwé, ó kà á, ó wo fọ́tò ọmọ, ó wo ìyá àgbàlagbà tó pọn ọmọ mìíràn. Ó fun fèrè, fèrè náà sì ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ajá Okala fi mọ̀ pé Ìyá Ìsẹ́yìn ń bọ̀. Awakọ̀ náà kò gbé ẹlòmíràn lójú ọ̀nà. Ó gba inú kòtò, ó gba ẹ̀gbẹ́ kòtò, ó gba ibi tí kò sí ọ̀nà.

Madame Jocelyne, tí wọ́n yàn síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé náà tó ń gba àwọn ọmọ wọlé. Ayọ̀dé dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yẹ́lò káàdì ìyá àgbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀. Àwọn yòókù ti wọlé tán. Ìyá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó na ìwé sí Madame Jocelyne láìkí i. Madame Jocelyne kà á, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó fi orí júwe ọ̀nà fún Ayọ̀dé.

Ayọ̀dé ti ń sáré lọ nígbà tí Ìyá pè é padà. "Ayọ̀dé."

"Ìyá àgbà?"

"Fún mi ní tèmi."

Ọmọ náà sáré padà wá fi yẹ́lò káàdì lé e lọ́wọ́, ó sì sáré wọlé.

Ìyá kò mọ ọ̀nà ilé. Ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lódìkejì, ó dúró títí ọ̀sán fi pọ́n, Ayọ̀dé sì jáde. Ọmọ ló wá mú ìyá àgbà dé ilé. Ayọ̀dé ní ìdánwò náà kò le. Ìyá ní takisí náà kò le.

Nígbà tí Mutmainah dé láti ibi iṣẹ́, ó bá Ìyá níwájú ògiri pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Inú ẹnu àpò ni Ìyá ń rán nǹkan sí, níbi tí ojú kò lè rí i, tí ọwọ́ sì lè kàn án. Bọ́tìnì ńlá wà lẹ́nu ti Ayọ̀dé. Ìlẹ̀kẹ̀ wà lẹ́nu ti Uwais. Kókó okùn wà lẹ́nu ti Mùs'áb. Ọmọ tó bá na ọwọ́ nínú òkùnkùn yóò mọ̀ bóyá ilé rẹ̀ ló wọ̀. Ìyá ti ro ọ̀rọ̀ náà láti abẹ́ máńgòrò: ọgbọ́n tó fi rú àlejò lójú náà ló rú ọmọ onílé lọ́wọ́, òun ló sì rán an.

Mutmainah jókòó tì í. Ó fọwọ́ tọ́ bọ́tìnì Ayọ̀dé wò. Ó ní, "Iṣẹ́ yìí dára, Ìyá. Mélòó ló wá kù tí a ó rán?"

Ìyá dá abẹ́rẹ́ dúró, ó wo ojú rẹ̀.

Mutmainah gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Ó mú abẹ́rẹ́ mìíràn, ó ki owú bọ̀ ọ́, ó sì sún mọ́ ògiri. Àwọn méjèèjì ń rán an lọ títí kò fi sí èyí tó kù.

Ní oṣù kẹwàá, wọ́n tú àpò Ayọ̀dé, wọ́n sì rán èyí tó tóbi jù ú lọ síbẹ̀, bọ́tìnì rẹ̀ lẹ́nu, nítorí pé káyé kọ́lẹ́ẹ̀jì nípọn.